Ẹjọ́ Àbùùbùtán ní Láíbìrì Wa

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí inú mi má bẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni o. Kúbúrátù tó ń sin adìyẹ lẹ́yìn Sábó ló pe Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò, ọ̀gá láíbìrì àdúgbò, lẹ́jọ́. Òkú adìyẹ ló gbé lọ́wọ́ wọlé.

Baálẹ̀ Àkànjí fi abẹ̀bẹ̀ bo imú. "Kúbúrátù, kí lo gbé wá síwájú mi?"

"Ẹlẹ́rìí mi ni, Baálẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ló ti kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ojú wọn á wú, ọ̀fun wọn á máa han, wọ́n á ṣubú. Òun ni mo fi ń rán ọmọ mẹ́ta níléèwé! Mo sáré lọ láíbìrì, torí wọ́n ní àwọn ti san owó ọdún kan fún dátábéèsì, ibi tí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí wọ́n bá mi wo àrùn adìyẹ. Ẹ bi í ní ohun tó fi hàn mí!"

"Ọládépò, kí lo fi hàn án?"

"Àbùùbùtán ni, Baálẹ̀."

"Kí ni?"

"Ẹran ńlá inú òkun. Òun àti yìnyín ni dátábéèsì tiwa dá lé. Fọ́tò ibẹ̀ dáa gan-an."

Ìjòyè kan rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. Òkun wo ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́?

"Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Ó pé, Baálẹ̀. Àlàáfíà ni mo ń wá. Dátábéèsì mẹ́ta ni àwọn tó ń tà á gbé wá pé kí a mú ọ̀kan. Ààfáà Jàmíù àti Wòlíì Tolúwalàṣẹ ni ìgbìmọ̀ wa, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí a ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa nìyẹn, ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ẹran ọ̀sìn, Ààfáà kọ̀ ọ́, wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ti ìlera, Wòlíì kọ̀ ọ́, wọ́n ní oògùn òyìnbó ló kún ibẹ̀. Àbùùbùtán nìkan ni kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kíá ni wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n tún dì mọ́ra."

Kúbúrátù pàtẹ́wọ́. "Wọ́n dì mọ́ra! Ẹ ẹ̀ gbọ́ nǹkan!"

Wọ́n pe Ààfáà àti Wòlíì. Ààfáà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Wàláhì, èmi ò kọ nǹkan kan. Mo kàn ní kí wọ́n yọ ẹlẹ́dẹ̀ kúrò ni."

"Báwo ni wọ́n á ṣe yọ ọ́?"

"Kí wọ́n fi bébà bo ojú kọ̀ǹpútà níbi tó bá wà."

Wòlíì fò dìde. "Irọ́ ni! Wọ́n ní bí àwọn bá rí imú ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, àwọn ò ní wọ láíbìrì mọ́ láé."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Wòlíì?" ni Ààfáà fi dá a lóhùn. "Ta ló ní oògùn ò dáa?"

"Èmi kọ́. Ẹ̀mí ló sọ ọ́."

"Ṣé Ẹ̀mí ọ̀hún náà ló ni pàrásítámọ́ù tí mo rí lápò yín níjọ́sí?"

"Ti orí fífọ́ yàtọ̀!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Kúbúrátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. "Baálẹ̀, ọgọ́ta ló kù. Bí ìwọ̀nyẹn bá lọ, ó tán fún èmi àtàwọn ọmọ mi." Àánú ẹ̀ ṣe mí, kí n má parọ́.

Baálẹ̀ gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Ọládépò, ìgbà wo ni owó tí ẹ san yẹn máa tán?"

"Ó ku oṣù mẹ́sàn-án, Baálẹ̀."

"Ó dáa. Fún oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan-an ni dátábéèsì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ẹ máa jókòó sí láíbìrì. Ìbéèrè yòówù tí wọ́n bá gbé wá, ẹ ó lọ wá ìdáhùn ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ ó sì mú un dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá kan ẹlẹ́dẹ̀, Ààfáà ló ń lọ. Tó bá kan oògùn, Wòlíì ni."

"Baálẹ̀, orúnkún ń dùn mí!" ni Ààfáà ké.

"Ìbéèrè kejì nìyẹn. Wòlíì á lọ wá oògùn ẹ̀. Kúbúrátù, béèrè tìẹ."

"Kí ló ń pa adìyẹ mi?"

Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rún ara wọn sórí ẹ̀, òkú adìyẹ wà lórí itan Wòlíì, ó di àdúgbò Under G, lọ́dọ̀ Dámisí, obìnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹran. Ọlọ́kadà ló wá ròyìn ìyókù fún mi. Ó ní dókítà yẹ adìyẹ náà wò, ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á pò mọ́ omi, ó ní kí wọ́n ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ló bá wò wọ́n tìyanu-tìyanu.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan nítorí èyí? Gbogbo ẹ̀ ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àbí ẹ ò ní láíbìrì ládùúgbò yín ni?"