Bí Oyèníran Ṣe Wọ Ilẹ̀kùn Mọ́rísì Baálẹ̀ Láṣọ

Ẹ yàgò lọ́nà o! Oyèníran Àkàndé, ọkọ mi, ọmọ Lárìnde, ọmọ aránpó gàárì tí ẹṣin wò tó fẹ́ gun ara rẹ̀, ọmọ a-gún-awọ-lábẹ́rẹ́-kí-ẹran-ibẹ̀-ta-gìrì, òun ni mo fẹ́ kí lónìí. Ẹni tí ẹnu bá ń yún kó wá gbè é lẹ́yìn mi.

Ogun wo ló jà? Ogun inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni! Ọkọ̀ Mọ́rísì tí Baálẹ̀ wa jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó rẹwà lóde, àmọ́ inú ilẹ̀kùn rẹ̀ ti bó, ó ku irin gbanjarere bí egungun adìẹ tí ológbò jẹ kù. Lọ́dún iṣu èṣí, irin ọ̀hún gé agbádá Baálẹ̀ jẹ, tayé tọ̀run rí bàǹtẹ́.

Baálẹ̀ pe ọkọ mi. “Àkàndé, wọ ilẹ̀kùn yìí láṣọ. Bí ojú bá tún tì mí lọ́dún iṣu, kó ẹrù rẹ kúrò nídìí máńgòrò iwájú ilé mi. Ẹni tó ń lẹ táyà ti ń tọrọ ibẹ̀.”

Ìdí máńgòrò yẹn mà ni ìsọ̀ wa o, ibẹ̀ la ti ń jẹ, ibẹ̀ la ti ń mu.

Oyèníran dìde bí ẹfọ̀n tí wọ́n tẹ̀ nírù! Ó fi páálí wọn ilẹ̀kùn, ó gé pákó pẹlẹbẹ, ó tẹ́ fóòmù lé e, ó fa awọ pupa bò ó, ó fà á títí ó fi le bí ikùn alájẹkì, ó sì kàn án mọ́ ilẹ̀kùn. Inú Mọ́rísì wá pupa bí ẹnu ọmọ tó ń ké. Mo bú sórin:

Awọ pupa, ẹ wá wò ó,
Àkàndé ló bò ó,
Irin ò ní gé wa jẹ mọ́ o!

Ọdún pé. Baálẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, ìlú yí i ká pinpin, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú ọdún o, Bàbá!” Baálẹ̀ nawọ́ kó yí gíláàsì sílẹ̀. Ọwọ́ ò ba nǹkan kan. Yéè! Akọni ti fi awọ bo ojú ihò tí irin tí wọ́n fi ń yí gíláàsì ń wọ̀, irin náà sì wà lápò ṣòkòtò rẹ̀! Baálẹ̀ ń la ẹnu lẹ́yìn gíláàsì bí ẹja inú ìgò.

“Ẹ wò ó, kò jẹ́ wa!” Ìyá Ràbí, ọ̀kan lára èrò, figbe ta. “Ṣé torí ó jókòó sínú awọ pupa ni? Ẹ jẹ́ ká máa relé wa!”

Èrò ti dí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ Baálẹ̀ pa. Oyèníran gba ti òdìkejì wọlé bí àṣá, ó nà gbalaja sórí itan Baálẹ̀.

“Àkàndé, ṣé orí itan mi ni ìsọ̀ rẹ báyìí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fa ikùn mọ́ra díẹ̀.”

Ó fi àtàńpàkò wá ojú ihò náà lábẹ́ awọ, bí agbẹ̀bí ṣe ń wá orí ọmọ nínú aboyún. Ó bá a! Ó yọ ọ̀bẹ, ó dá ihò tí kò ju owó ẹyọ lọ, ó ki irin bọ̀ ọ́, ó yí i. Gíláàsì ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń han bí ẹlẹ́dẹ̀. Orí Baálẹ̀ yọ síta.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọdún! Àṣèyí ṣàmọ́dún o!”

Ìlú hó yèè. Baálẹ̀ wo ọkọ mi nílẹ̀. “Ìdí máńgòrò di tìrẹ títí ayé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lára mi ná.”

Nítorí náà, kí ilẹ̀ gbọ́, kí òrùlé gbọ́, kí gbogbo ọkọ̀ tí inú ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níhòòhò dẹtí: Oyèníran, Balógun Awọ Pupa, ẹni tó dá ihò bíńtín tí ohùn Baálẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, ọkọ mi ni. Ẹ máa rọra pè é!