Igi Tí Dúrójayé Gé fún Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi, nítorí ìtàn yìí máa ń rẹ èmi gan-an tí mò ń sọ ọ́.

Bàbá kan wà ní Ìdí-Apá, Láníhún lorúkọ rẹ̀, òun ni kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri ló ti ń wá ife-ẹ̀yẹ, irun náà funfun, ó sì re tán, kò rí ife. Ọdún tí mò ń wí yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àṣekágbá, àwọn ará Òkè-Ọsàn ni wọ́n sì máa bá gbá a. Láníhún ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí òun bá ti fọwọ́ kan ife náà báyìí, ó parí, òun á gbé fèrè kọ́, òun á lọ sùn.

Àfi bí orúnkún ẹni tó ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ṣe yẹ̀. Ni Alága ẹgbẹ́, Olóyè Oyèékànmí, bá ní kí wọ́n mú Dúrójayé.

“Dúrójayé kẹ̀?” Láníhún wá ibi jókòó. “Alága, mo rí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, etí rẹ̀ ni mi ò rí. Lọ́jọ́ tí a dán an wò, ó gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára gbogbo wọn, ó kọjá lára aṣọ́lé, ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ló bá yí padà pé òun tún fẹ́ kọjá lára wọn lẹ́ẹ̀kan sí i!”

“Bàbá, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.”

“Ẹnu àáké ta ni?” Láníhún mí kanlẹ̀. “Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ mú un.”

Ní Ìdí-Apá, àṣà wọn ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ló máa lọ gé igi tí wọ́n ń fi dábùú òpó ilé-gólì, kóòṣì á sì tẹ̀ lé e wọ igbó láti fẹsẹ̀ wọn bí igi náà ṣe gùn tó. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń gé. Dúrójayé wo àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó yínmú sí wọn, ó bọ́ sídìí àyìnrè ràbàtà kan.

“Ọmọ mi, a ò fẹ́ kọ́ afárá o.”

“Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ máa wòran.”

Láníhún jókòó sórí kùkùté. Ó wo igi, ó wo bí wọ́n ṣe ń gé e. “Dúrójayé, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ o.”

“Rárá o, apá ọ̀hún ló máa gbà.”

“Mo ní ọ̀dọ̀ mi ni.”

“Ẹ̀rù ló ń bà yín, Bàbá!”

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí bàbá náà ò dìde. Ṣé ẹ ti ṣe kóòṣì rí? Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, kùkùté náà sì tù ú lára. Kó tó pinnu àtidìde, igi ti dún gbàgà, ẹ̀ka rẹ̀ ti ká a mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì kán.

Bí ọjọ́ àṣekágbá ṣe bá a lórí ẹní nìyẹn, nílé Màmá Àṣàbí tó ń to eegun, ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Kò rí bọ́ọ̀lù, ariwo nìkan ló ń gbọ́. Ó sì ti bẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun yòówù kí Dúrójayé gbá, kí wọ́n má jẹ́ kó gbá pẹnáritì, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wo ojú òun.

Kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ta ọ̀mì, Òkè-Ọsàn tó ni ife tẹ́lẹ̀ ló máa gbé e lọ. Lójijì, pápá hó yèè: “Pẹnáritì! Tiwa ni!” Ọkàn bàbá náà fò sókè. Àṣé òun náà á fọwọ́ kan ife kóun tó kú! Ló bá gbọ́ tí wọ́n ń pariwo orúkọ: “Dúrójayé! Dúrójayé!”

“Yéè! Màmá, ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn.”

“Nínú ooru yìí? Kí lẹ fẹ́ tì í fún?”

“Ó ń bọ̀.”

“Kí ló ń bọ̀?”

Wọ́n gbọ́ gbì! Gbogbo ìlú sì ké: “Háà!” Bọ́ọ̀lù ti fò kọjá lórí òpó, ó fo ọgbà, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún Láníhún, èyí tó ṣẹ́kù.

Màmá Àṣàbí ju oògùn tó ń pò sílẹ̀. “Kóòṣì! Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibí ló ń bọ̀? Ṣé ẹ ń ríran ni?”

Bàbá náà gbé bọ́ọ̀lù náà mọ́yà, omi lé ròrò lójú rẹ̀ nítorí ife tó ti lọ. “Ìran wo? Gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kí ọmọ yẹn ṣe, èmi ló ń wó lù. Níbo ni ì bá tún gbà?” Ó rọra na ẹsẹ̀ kejì sí Màmá Àṣàbí kó bá òun tò ó.

Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń wí i títí dòní pé bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Ibẹ̀ gan-an ló jókòó sí.