Ìkéde Lórí Tákò Tó Takò Kábíyèsí

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìkósùn, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè sílẹ̀! Ẹni tó ń wẹ̀, kó fọ ọṣẹ kúrò létí! Oníkósùn, aláṣẹ èkejì òrìṣà, ló rán mi. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹni tí mo fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ yìí fún, ọmọ bíbí inú mi ni.

Dúródọlá ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, tó ń se oúnjẹ fún wọn. Oṣù tó kọjá ló padà wálé, tó ṣí ilé oúnjẹ Mẹ́síkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní bí ọjà bá tà, òun kò lọ mọ́. Bí kò bá tà, bàálù ni.

Ní ìjẹta, Kábíyèsí lọ jẹun níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìjòyè, èmi náà sì tẹ̀lé wọn. Oúnjẹ náà já wọn kulẹ̀! Ẹ̀yin ará, ó já wọn kulẹ̀!

Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé TÁKÒ WÀ. Ọ̀tún kà á, ó bi mí pé ta ni wọ́n ń takò. Mo ní oúnjẹ ni. Ọba fọwọ́. Ọba jókòó. Tákò dé. Àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n yan pẹlẹbẹ ni, wọ́n ká a po, ẹran táṣẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, ewé tútù wà lórí ẹran. Ọbẹ̀ ńkọ́? Ọbẹ̀ wà nínú abọ́ tí kò ju ìdérí ìgò lọ! Kábíyèsí wá òkèlè títí, kò rí òkèlè. Ó gbé tákò sẹ́nu, tákò fọ́ sí wẹ́wẹ́, gbogbo ohun inú rẹ̀ dà sórí agbádá. Tákò takò ọba! Tákò takò ọba lójú àwọn ìjòyè!

Ibi tí wọ́n ti ń nu agbádá ni obìnrin agbáwo ti figbe ta láti ilé ìdáná pé gúákámólè ti délẹ̀. Píà tí a gún ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí etí ìjòyè gbọ́ ni “Wá ká mólè!” Gbogbo wọn dìde! Òsì nìkan ló sá. Nígbà tí wọ́n fi mú un, tákò méjì ló bọ́ lápò rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun lòun ń mú un lọ fún. Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà nínú gọ́tà títí di ìsinsìnyí.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Àṣẹ kìn-ín-ní: Oúnjẹ kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ tákò mọ́ ní ilẹ̀ yìí. Láti òní lọ, FARAMỌ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ní: ẹ fún mi ní Faramọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá pè é ní tákò, alátakò ni. Ọjọ́ méje ni yóò fi gbá àgbàlá ààfin, ewé ọdán kan kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́kù!

Àṣẹ kejì: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kígbe gúákámólè níbi tí ìjòyè bá wà. Bó bá di dandan, kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kó ní “kì í ṣe olè o”, kó tó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹni tó bá rú òfin yìí ni yóò wọ gọ́tà lọ wá bàtà Òsì. Gọ́tà náà jìn!

Àṣẹ kẹta: Oúnjẹ tó bá wọ Ìkósùn gbọ́dọ̀ ní òkèlè. Àtẹ́lẹwọ́ Kábíyèsí ni òṣùwọ̀n.

Àṣẹ kẹrin: A kò gbọdọ̀ fún èèyàn ní ewé tútù jẹ. Láti ìjẹta ni àwọn ewúrẹ́ ààfin ti ń wo ọba bí ẹni tó jẹ wọ́n lóúnjẹ. Ẹni tó bá jẹ ewé tútù lójú ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti bá a jẹun nínú abọ́ kan náà títí di ọdún tó ń bọ̀!

Àṣẹ karùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n wúkọ́ ná.

Àṣẹ karùn-ún: Ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, Kábíyèsí yóò padà lọ jẹun níbẹ̀. Bí ọba bá jẹun tó gùnfẹ̀, ilé oúnjẹ dúró. Bí ọba kò bá gùnfẹ̀, wọn yóò kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ìgùnfẹ̀ kékeré kò kà! Ọ̀tún ni yóò tẹ́tí.

Ohun tí ọba rán mi nìyẹn. N kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Mo ti gbé agogo ọba sílẹ̀ báyìí. Ẹnu tèmi ni mo fẹ́ fi sọ èyí tó kù. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ fún èmi náà ní ìgbálẹ̀.

Ọmọ mi mọ oúnjẹ sè! Àwọn ará Mẹ́síkò tó ń sè fún, ata kì í bà wọ́n lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọba ń bọ̀, àyà rẹ̀ já. Ó ní ikùn àgbà ni. Ó kó gbogbo ata kúrò, ó dín iyọ̀ kù, ó gé ẹran wẹ́wẹ́ kó má baà há ọba léyín. Ọ̀wọ̀ ló ba oúnjẹ yẹn jẹ́. Lánàá, ó sè é fún mi bó ṣe ń sè é lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo dúró sí, mo jẹ mẹ́sàn-án. Omi bọ́ lójú mi. Mo gùnfẹ̀ débi pé adìyẹ sá. Ẹ sì bá mi bi Òsì: ta ní ń fi oúnjẹ burúkú sápò fún ìyàwó?

Mo bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní ata wẹẹrẹ lóko, kó fi ẹ̀kúnwọ́ kan ránṣẹ́. Ẹ wá jẹun, ẹ pè é ní Faramọ́, ẹ gùnfẹ̀ kí wọ́n gbọ́ ọ láàfin. Ọmọ mẹ́ta la sin ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó dúró. Àmọ́ ọdún mọ́kànlá tó fi lọ, ilé mi pa lọ́lọ́. Àpótí tó gbé dé ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì tú u.

Agogo ti dákẹ́, àṣẹ kò dákẹ́. Etí tó gbọ́, kó jí èyí tó sùn. Kí adé pẹ́ lórí. Kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, títí kan ti Òsì. Kí ọba gùnfẹ̀. Kí ọmọ mi tú ẹrù.