Obìnrin Tí Kì Í Jẹun, Tí Kò sì Fọn

"Ta ló ń jẹ ẹ̀pà mi?"

Ìbéèrè tí wọ́n fi ṣí ẹjọ́ àná nìyẹn ní ààfin Baálẹ̀ Ọdẹ́tọ́lá, ní Ìdímù. Ẹ̀pà sísè ni, tòun ti èèpo rẹ̀, ó kún àwo, wọ́n gbé e ka orí àpótí láàárín ìgbìmọ̀ àti àwọn ẹlẹ́jọ́. Baálẹ̀ kàn yíjú láti pa fóònù rẹ̀ ni. Nígbà tó máa fi yíjú padà, ẹ̀pà ti lọ sílẹ̀ nínú àwo.

Àwọn ìjòyè gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Gbóyèga, tí wọ́n pè lẹ́jọ́, wo ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀pà kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Pápá ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ gbalasa ẹ̀yìn ààfin, níbi tó ti máa ń fun fèrè láàárọ̀, tí àwọn tó fẹ́ fọn, kí ọ̀rá ara wọn lè dín kù, á máa sáré yí i ká. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Baálẹ̀ ló ni ilẹ̀ ọ̀hún. Bí ẹjọ́ yìí bá dá Gbóyèga lẹ́bi, pápá lọ nìyẹn, kóòṣì tí kò sì ní pápá kò ju ọmọkùnrin kan tó so fèrè mọ́rùn lọ.

Baálẹ̀ ni Ọdẹ́tọ́lá, kì í ṣe ọba. Àmọ́ ẹni tí kò bá ti pè é ní Kábíyèsí, kó máa gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sílé.

"Kábíyèsí o!" Ìyáàfin Cecilia, tó pe ẹjọ́, ti ń ké kí wọ́n tó ní kó sọ̀rọ̀. Tíṣà ni, ọmọ Èkìtì ni, àga oníke tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí sì ń ké pẹ̀lú rẹ̀. "Ọkùnrin yìí fi ebi pa mí lásán!"

"Ó fi ebi pa ọ́ báwo?"

"Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni kí n máa jẹun. Mo ní ó dáa. Láti ọdún Àjíǹde, Kábíyèsí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mò ń jókòó ti oúnjẹ lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mò ń gbàdúrà oúnjẹ. Ẹyin sísè kan àti kùkúńbà. Kùkúńbà! Èmi tó jẹ́ pé iyán ni wọ́n fi já mi lẹ́nu ọmú!"

"Pẹ̀lẹ́. Ìwọ̀n ńkọ́?"

"Ìwọ̀n ò yẹsẹ̀. Tí mo bá ti gun orí ẹ̀, ibi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ló máa lọ, bí ẹni tó ń relé. Mo ti rán aṣọ ìkórè sílẹ̀ de ara tuntun. Aṣọ ti dé, Kábíyèsí. Ara ni ò dé."

Ó gbé nǹkan mì. Gbóyèga rí i bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe lọ sókè tó sì tún sọ̀ kalẹ̀, ó rò pé ẹkún ni. Gbogbo ilé rò pé ẹkún ni. Àánú ṣe wọ́n.

"Kí lo wá fẹ́ kí a ṣe fún un?"

"Ẹ lé e kúrò ní pápá. Kí ẹ sì gba fèrè yẹn. Etí mi ló máa ń fun ún sí."

"Gbóyèga, o gbọ́ ohun tí wọ́n wí?"

Gbóyèga dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó nu orúnkún. Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ tó ń tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Obìnrin yìí ń sáré. Ó ń làágùn. Kì í jẹun. Níbo wá ni ẹran ara ti ń wá? Ohun kan ṣoṣo tó rí fi dí ihò náà ló gbé kalẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ̀mí yín á gùn. Òótọ́ ni màmá sọ, wọn ò fọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi wọn ni. Wọn ò jẹun tó ni."

Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé pàápàá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Tún un sọ," ni Baálẹ̀ wí.

"Wọn ò jẹun tó, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fọn."

Olóyè Abdulganiyy, Ọ̀tún Baálẹ̀, na ìka sí i. "Ṣebí ìwọ lo ní kí wọ́n má jẹun!"

"Mo ní kí wọ́n dín in kù ni, bàbá. Mi ò ní kí wọ́n dín in kù tó báyẹn. Ara ènìyàn dà bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Tí ẹ ò bá fún un ní owó oṣù ẹ̀, kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Á kàn ti ọ́fíìsì pa, á jókòó lórí fáìlì, fáìlì kankan ò sì ní jáde mọ́. Ọ̀rá ara màmá, fáìlì ni."

Ọ̀gbẹ́ni Charles, ọkọ Cecilia, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti jókòó lórí fáìlì pẹ́, tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" ni Abdulganiyy béèrè.

"Fóònù ni mo ti gbọ́ ọ, bàbá. Òyìnbó kan ló sọ ọ́. Kò wọ ẹ̀wù, iṣan sì kún gbogbo ara ẹ̀."

"Háà. Kò wọ ẹ̀wù. A jẹ́ pé ọ̀mọ̀wé ni."

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ kó yé mi. Tó bá jẹun díẹ̀, kò ní fọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"Tó bá jẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"Tó bá wá jẹ àjẹyó ńkọ́, tó tún fi ẹran bíi mélòó kan lé e?"

Gbóyèga rí kòtò náà, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú ẹ̀. "Á... á fọn gan-an ni."

Baálẹ̀ wo ikùn ara rẹ̀, tó dé àárín ìgbìmọ̀ ṣáájú rẹ̀. "Èmi yìí ì bá ti pòórá."

Ẹ̀rín ta. Cecilia náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọlúàbí.

Olóyè Susanna, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kò rẹ́rìn-ín. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá jẹun tó, á rẹ̀ ẹ́, òtútù á máa mú un, kò ní fẹ́ dìde lórí àga. Ara á ṣún iná jó díẹ̀, òótọ́ ni, ìwọ̀n lè wá máa falẹ̀. Àmọ́ ara ò lè fi atẹ́gùn ṣe ọ̀rá. Gbogbo ọdún tí mo lò ní wọ́ọ̀dù, mi ò rí ẹni tí ebi ń pa tó ń sanra rí. Tí ìwọ̀n bá kọ̀ tí kò lọ rárá, ẹ lọ wo ẹnu."

Nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí mọ́gbọ́n wá, kò sẹ́ni tó kà á sí. Baálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí àwo, ìka rẹ̀ sì kan ìdí àwo gbàgà.

"Mo tún ń béèrè o! Ta ló ń jẹ ẹ̀pà yìí? Abdulganiyy?"

"Ààwẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbà, Kábíyèsí."

"Susanna?"

"Eyín mi wà nílé."

Ojú Baálẹ̀ wá rọra yí, ó yí, ó bà lé Gbóyèga, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní kéèyàn jẹun kó lè fọn. Gbóyèga gbé itọ́ mì. Ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìgbà yẹn kọ́ ló yẹ kóun gbé nǹkan mì.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹ pe ẹlẹ́rìí."

Charles ló kọ́kọ́ dìde, ó di bọ́tìnnì. "Kábíyèsí, ìyàwó mi kì í jẹun. Mo lè búra. Mi ò rí àwo níwájú rẹ̀ láti ọdún Àjíǹde, àyàfi ti ẹyin àti kùkúńbà."

"Rárá rárá?"

"Rárá. Tí àwọn ọmọ bá ṣẹ́ oúnjẹ kù nìkan ni."

"Kí ló ń ṣe sí ìyẹn?"

"Ó ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́."

"Síbo?"

Charles wo ìyàwó rẹ̀. "Kábíyèsí, ìyẹn kì í ṣe jíjẹ. Ìmọ́tótó ni."

"Ó tó. Jókòó. Ẹlẹ́rìí Gbóyèga dà?"

Fàdìlàt jáde. Inú ọgbà kan náà lòun àti Cecilia ń gbé, kíṣìnnì kan ni wọ́n jọ ń lò. "Kábíyèsí, àwo tí Bàbá Jésùtóbi ní àwọn ò rí yẹn, òótọ́ ni. Ìyá Jésùtóbi kì í lo àwo. Orí ìkòkò ni wọ́n máa ń dúró sí."

"Fàdìlàt!" ni Cecilia ké.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ó ti ń dùn mí tipẹ́. Tí wọ́n bá ń se ọbẹ̀, wọ́n á tọ́ iyọ̀ wò. Wọ́n á tọ́ ata wò. Wọ́n á tọ́ ẹran wò bóyá ó ti rọ̀. Wọ́n á ní kò tíì rọ̀. Wọ́n á mú òmíràn. Kábíyèsí, ẹran tí wọ́n bá ti tọ́ wò nílé yẹn, ẹnikẹ́ni ò tún fojú kàn án mọ́!"

"Ṣé mo jókòó ni?" Cecilia dojú kọ ọ́. "Mo ní, ṣé mo jókòó ni? Ṣé mo bu omi wẹ ọwọ́ ni? Ṣé mo gbàdúrà sí i ni? Kábíyèsí, ohun tí a ò bá gbàdúrà sí kì í ṣe oúnjẹ. Ìtọ́wò ni. Ṣé kí n gbé ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ fún ọkọ mi ni?"

Gbogbo obìnrin tó wà nínú ilé ló kàn dédé mi orí. Kò sí ìyá ilé tó fẹ́ kí ààfin bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó bá tọ́ wò mọ́ oúnjẹ. Àwọn ọkùnrin rí bí orí ṣe ń mì, àwọn náà yára mi tiwọn, torí wọ́n ṣì máa jẹun lálẹ́. Fàdìlàt fúnra rẹ̀ ronú díẹ̀, ó mi orí, ó lọ jókòó. Báyìí ló ṣe di òfin ní Ìdímù pé ohun tí a bá jẹ lórí ìdúró kò wọ ikùn.

Gbóyèga mọ̀ pé ó ti parí fóun. Ó di fèrè rẹ̀ mú.

Baálẹ̀ na ẹsẹ̀. "A ti gbọ́. Obìnrin yìí kì í jẹun, gbogbo ènìyàn ló jẹ́rìí sí i. Gbóyèga, o jẹ̀bi ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, irọ́ òyìnbó rẹ. Èkejì, ẹ̀pà mi."

"Kábíyèsí, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀pà!"

"Ìwọ nìkan ló ní kéèyàn jẹun kó lè fọn níbí! Mo gba pápá mi padà láti ọ̀la. Bọ́ fèrè yẹn, kí o gbé e sórí àpótí."

Ó bọ́ ọ. Okùn rẹ̀ há sí i létí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń já a tìyà-tìyà. Ojú rẹ̀ rí àwọn tó máa ń sáré láàárọ̀, àwọn tó ń pè é ní Kóòṣì. Láti ọ̀la, Gbóyèga lásán.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí!" Cecilia kọ orin ọpẹ́ kan, ó sì dìde láti kúnlẹ̀.

Èèpo ẹ̀pà rọ̀ bí òjò láti itan rẹ̀.

Ó dà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dà sórí kápẹ́ẹ̀tì Baálẹ̀. Ẹyọ kan fò, ó lọ bà lé ibi tí Gbóyèga ti fẹ́ gbé fèrè kalẹ̀. Obìnrin náà kò fi nǹkan bò ó láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ilé ń gbọ́, kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Kí nìyí?" ni Baálẹ̀ béèrè.

Cecilia wo ilẹ̀. Ìyanu tirẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. "Háà! Ta ló da èyí sí mi lára?"

"Ya ẹnu."

Kò lè yà á. Ó ṣì ń jẹ ọ̀kan lọ́wọ́.

"Kábíyèsí," ó gbé e mì, "mi ò jẹ ẹ́ o. Ọwọ́ mi kàn ń... Mi ò gbàdúrà sí i!"

"Ọ̀rọ̀ ló ń sọ lọ́wọ́, Kábíyèsí," ni Charles sọ látẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í jẹun."

Olóyè Susanna rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì hàn kedere pé eyín rẹ̀ wà nílé lóòótọ́. Gbóyèga tẹjú mọ́ èèpo tó wà nílẹ̀. Fáìlì tí òun ti ń wá kiri láti ọdún Àjíǹde nìyẹn.

"Mo yí ẹjọ́ mi padà," ni Baálẹ̀ wí. "Cecilia, o ní ohun tí a ò bá gbàdúrà sí kì í ṣe oúnjẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"Ó dáa. Láti òní títí di ọjọ́ ìkórè, ohunkóhun tó bá fẹ́ gba ẹnu rẹ kọjá, ìbáà ṣe ẹ̀pà kan, ìbáà ṣe ọbẹ̀ orí ìpọnbẹ̀, wàá di ojú, wàá gbàdúrà oúnjẹ sí i, sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Gbogbo ẹ̀, Kábíyèsí?"

"Tòun torin. Gbóyèga, mú fèrè rẹ, mo dá pápá padà fún ọ. Àmọ́ nítorí òyìnbó aláìwọ̀wù tí o gbé wọ ààfin mi, ìwọ ni wàá máa ṣe Àmín fún un."

"Ní kíṣìnnì, Kábíyèsí?"

"Ní kíṣìnnì. Tó bá gbàgbé àdúrà, fun fèrè."

Ẹjọ́ parí. Cecilia kúnlẹ̀, ó ń ṣa èèpo kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọn ò tíì là. Ó là á láìwò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbé ẹ̀pà inú rẹ̀ lọ sí ẹnu bó ṣe mọ ọ̀nà.

Gbóyèga gbé fèrè kan ètè.

Ọwọ́ náà dúró sójú ọ̀nà. Cecilia mí kanlẹ̀, ó di ojú, ó dá orin, ó gbàdúrà fún àgbẹ̀ tó gbìn ín, fún ẹni tó sè é, fún àwọn tí kò rí jẹ. Nígbà tó la ojú, ó wo ẹ̀pà kékeré tó wà láàárín ìka rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì jù ú padà sínú àwo Baálẹ̀.

"Àmín," ni Gbóyèga wí.