Kí Gbogbo Ọrùn Ṣófo ní Òkè-Ẹwà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ẹwà, tọmọdé tàgbà, onílé àtàlejò! Ẹni tó ń toko bọ̀, kó dúró! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè sílẹ̀!

Akéde Ọ̀jẹ́kúnlé ló ń lu agogo! Ọkọ Àyọ̀ká! Ẹ mọ̀ ọ́n! Akéde tí òfin kan kò bà lẹ́rù rí! Òfin wo? Akéde ló ń fà á kiri ìlú. Ṣé yóò wá yíjú padà bu akéde jẹ ni? Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀!

Ẹ rí Fágbàmílà, ẹmẹsẹ̀ ààfin, lẹ́yìn akéde. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí akéde ìjọ́sí ti ta ìròyìn ọjà tuntun fáwọn onígaàrí kí ìlú tó gbọ́, ààfin kì í ro gbogbo ọ̀rọ̀ fún akéde lẹ́ẹ̀kan mọ́. Ẹmẹsẹ̀ ni yóò máa sọ ọ́ sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, akéde yóò sì máa ké e jáde ní gbígbóná. Ohun tí akéde kò tíì ké, akéde náà kò tíì gbọ́ ọ!

Ó yá! Kábíyèsí kí yín. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti dé sí Òkè-Ẹwà. Ẹ̀rọ ti wọlé! Páànù ti wà lórí! Ohun tí wọ́n fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, ààfin kò tíì sọ. Ohun ńlá ni. Ẹ má bèèrè. Ohun tí a mọ̀ ni pé wúrà ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Wúrà ọ̀hún dà? Ọrùn yín ló wà! Etí yín ló wà! Ó jókòó síbẹ̀, ó ń dán, kò ṣiṣẹ́ kankan! Ọ̀lẹ ni! Ààfin kò gba ọ̀lẹ láyè mọ́!

Àṣẹ kìíní! Láti ìrọ̀lẹ́ òní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wúrà ṣe ọ̀ṣọ́. Kí ọrùn ṣófo! Kí etí ṣófo! Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fáàrí, kó fi ẹ̀rín ṣe é.

Àṣẹ kejì! Ìyàwó tuntun yóò fi àgbálùmọ̀ méjì ṣe yẹtí. Ó pọ́n, ó ń dán. Bí ebi bá pa ọkọ, kó já ọ̀kan.

Àṣẹ kẹta! Ẹni tó ní eyín wúrà kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín níta mọ́. Bàbá Lánihun, ẹ pa ẹnu dé! Ẹ wò wọ́n, wọ́n tún ń rín! Ẹ bá wa fi fìlà bò wọ́n lẹ́nu!

Ẹni tó bá fi wúrà pamọ́, yóò gbá iwájú ààfin láti igun dé igun. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni yóò fi gbá a! Kì í ṣe odindi ìgbálẹ̀! Ẹyọ kan!

Ẹ̀yin obìnrin ti ń kùn. Akéde gbọ́. Ìyá Ẹlẹ́pà ń bèèrè ohun tí obìnrin yóò wá fi hàn láwùjọ. Ẹ bi ààfin! Ẹ wo Àyọ̀ká, aya akéde, bó ṣe dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀! Wúrà pọ́nńbélé! Akéde ló gbé e lọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí bàbá ìyàwó fi dìde jó! Ẹ kọ́kọ́ gba tirẹ̀! Kò dun akéde!

Àṣẹ kẹrin! Bàbá Súnmọ́nù, alágbẹ̀dẹ wúrà, ti jókòó sábẹ́ igi yẹn. Yóò fi òkúta dúdú àti omi tó ń jẹ irin dán gbogbo ẹ̀gbà wò lójú ayé, kí ẹnikẹ́ni má bàa kó pánda wá fún ìlú.

Ẹ fún akéde lómi.

Àṣẹ karùn-ún! Ọkùnrin tó bá gbé pánda fún ìyàwó, tó pè é ní wúrà, yóò padà sílé àna! Yóò dọ̀bálẹ̀ lákọ̀tun! Yóò ru iṣu lákọ̀tun! Wọn yóò sì tún bi í léèrè bóyá ó níṣẹ́ lọ́wọ́!

Àṣẹ kẹfà! Obìnrin tó bá ń jẹ́ Àyọ̀ká, òfin yìí kò kàn án!

Fágbàmílà ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àṣẹ kẹfà ni pé ilé akéde la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣebí akéde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká kọ́kọ́ gba tìyàwó òun.

Ó dáa. Ó dáa! Ṣùgbọ́n òòrùn ti ń wọ̀, ará ìlú. Ṣé ká fi í dọ̀la? Kò sẹ́ni tó fẹ́ ọ̀la. Bàbá ìyàwó ti bọ́ síwájú, ó ń ká apá agbádá.

Àyọ̀ká ti bọ́ ẹ̀gbà lọ́rùn. Bàbá Súnmọ́nù fi ha òkúta. Ó kán omi sí i. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó tún kán òmíràn. Akéde ń wo ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ọjà jáde.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Wúrà ni! Wúrà gidi ni! Òkúta jẹ́rìí! Omi jẹ́rìí! Ta ló ní akéde kò mọ aya í gbé? Bàbá ìyàwó, ẹ tún jó!

Àyọ̀ká ní kí akéde sinmi ariwo. Ó ní kó ké ìyókù. Akéde yóò ké e, ìlú kúkú ti gbọ́ tán. Ó ní èyí tí akéde gbé wá ti sọ ọrùn òun di dúdú kí oṣù ìgbéyàwó tó parí. Ó ní òun kò bínú. Ó ní èrè aró tí òun ń rẹ lòun fi ra wúrà tó jọ ọ́, kí ojú má bàa ti ọkọ òun. Ti akéde ńkọ́? Ó wà nílé. Ọrùn ewúrẹ́ ló wà. Ó ní ó yẹ ewúrẹ́ gan-an.

Àpótí ilé-iṣẹ́ ti ṣí. Wúrà Àyọ̀ká ti wọ inú rẹ̀. Akéde ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Akéde ló ní kò dun òun.

Ó dùn ún.

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ó kan yín! Ìyá ìyàwó ti mú òrùka tiwọn wá: pánda! Bàbá ìyàwó ti sọ apá agbádá sílẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́pà: pánda! Ìyàwó Bàbá Lánihun: pánda! Ẹ̀yin ọkọ, ẹ dúró! Ẹ̀yin ọkọ, ibo lẹ ń sá lọ? Iṣu kò ní tó nílùú yìí!

Àṣẹ keje ló gbẹ̀yìn! Ilé-iṣẹ́ yóò ṣí lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Kábíyèsí ti gbà kí ìlú mọ iṣẹ́ ńlá tí wúrà Àyọ̀ká bá lọ. Fágbàmílà, ẹ sọ ọ́. Ẹ tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ ààfin ti dé etí yín, ó ti kúrò lọ́rùn akéde. Kí ará ilé rò fún ará oko. Ọba ló rán an, akéde ló jẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni má bi akéde léèrè.

Pánda ni ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ máa ṣe. Wọ́n ní wúrà díẹ̀ ni wọ́n ń fi kùn ún lójú.