Àwẹ̀ró Ń Lọ Sílé Ọkọ

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, ní ìdíkọ̀ Bwari. Sàfúrátù, obìnrin Ìlọrin tó ń sin ẹran kéékèèké lẹ́yìn ilé rẹ̀, ti dá takisí mẹ́ta dúró, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì sá nígbà tí wọ́n rí ewúrẹ́ tó gbé dání. Ó bá fi ìborùn wé ewúrẹ́ náà, ó dé e ní fìlà òtútù títí bo etí, ó wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Ó ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà ó ti pinnu pé òun kò ní í parọ́; bí wọn kò bá ṣáà bi òun pé ṣé ewúrẹ́ ni, òun náà kò ní í sọ. Takisí kẹrin jẹ́ ti Àyàndá, ọmọ Ìkirè, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, tí kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ọmọ títọ́. Sàfúrátù wọ ẹ̀yìn ọkọ̀.

ÀYÀNDÁ: Màmá, ẹ káàsán o. Maitama lẹ wí?

SÀFÚRÁTÙ: Maitama ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè, mo ń gbààwẹ̀.

ÀYÀNDÁ: Mo ti tètè. Ẹ bo ọmọ yẹn dáadáa, atẹ́gùn ojú títì kò dáa fún àyà ọmọ. Òórùn rẹ̀ ń ta sánsán! Kò sí òórùn tó dà bíi ti ọmọ tuntun. Ọmọọmọ yín ni?

SÀFÚRÁTÙ: Èmi ni mo ń tọ́ ọ. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀.

ÀYÀNDÁ: Àwẹ̀ró! Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ lórúkọ gidi. Àwọn ìyá òde òní, orúkọ tí ahọ́n ò lè yí ni wọ́n ń sọ ọmọ. Oṣù mélòó ni?

SÀFÚRÁTÙ: Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún kan.

Àyàndá wò ó nínú jígí.

ÀYÀNDÁ: Ọdún kan? Ó mà kéré o. Ọmọ mi kẹta, nígbà tó pé ọdún kan, ẹni tó bá gbé e á fi ọwọ́ di ẹ̀yìn mú.

SÀFÚRÁTÙ: Bí wọ́n ṣe máa ń rí ní ìdílé tiwọn nìyẹn. Wọn kì í tóbi.

ÀYÀNDÁ: Oúnjẹ ni, Màmá. Mo mọ̀ ọ́n. Kí lẹ ń fún un jẹ?

SÀFÚRÁTÙ: Ohun tó bá wù ú. Èèpo iṣu. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewé díẹ̀díẹ̀.

ÀYÀNDÁ: Èèpo?

SÀFÚRÁTÙ: Ó fẹ́ràn ti iṣu jù.

ÀYÀNDÁ: Iṣu ọ̀hún gan-an ńkọ́? Ta ló ń jẹ iṣu?

SÀFÚRÁTÙ: Èmi ni mo ń jẹ iṣu.

Àyàndá tún wo ẹ̀yìn nínú jígí. Ó ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ òkú.

ÀYÀNDÁ: Mi ò dá yín lẹ́jọ́ o. Ìlú le. Ṣùgbọ́n ògì ló yẹ kí irú ọmọ báyìí máa mu. Ó ti ń rìn?

SÀFÚRÁTÙ: Ó ti ń rìn tipẹ́.

ÀYÀNDÁ: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

SÀFÚRÁTÙ: Ọjọ́ tí wọ́n bí i.

ÀYÀNDÁ: Ọjọ́ tí wọ́n...

SÀFÚRÁTÙ: Ojú mi ló ṣe. Ara rẹ̀ kò tíì gbẹ tó fi dìde. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó tún dìde, ó sì lọ.

ÀYÀNDÁ: Màmá, ààwẹ̀ yìí ti ń mú yín. Eyín rẹ̀ ńkọ́?

SÀFÚRÁTÙ: Ti ìsàlẹ̀ nìkan ló wà níwájú. Ti òkè kò ní í hù láéláé.

ÀYÀNDÁ: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

SÀFÚRÁTÙ: Dókítà rẹ̀ ni.

ÀYÀNDÁ: Ẹ pààrọ̀ dókítà! Ṣé ìyẹn lẹ fi ń gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Maitama? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn yẹn á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

SÀFÚRÁTÙ: Kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ ló ń retí wa.

Àyàndá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró sẹ́bàá títì. Tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn fọn fèrè títí tó fi kọjá lọ.

ÀYÀNDÁ: Ọkọ ta ni?

SÀFÚRÁTÙ: Ọkọ Àwẹ̀ró.

ÀYÀNDÁ: Àwẹ̀ró yìí? Èyí tó wà nínú ìborùn?

SÀFÚRÁTÙ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró. Bí òní bá fi kọjá, ó bọ́ nìyẹn.

ÀYÀNDÁ: Kai! Ọmọ tí kò léyín lókè! Ẹni ọdún mélòó lọkọ ọ̀hún?

SÀFÚRÁTÙ: Á tó ọdún mẹ́rin.

ÀYÀNDÁ: Mẹ́rin?! Kí ló ń ṣe àwọn olówó Maitama yìí?

Sàfúrátù rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń kọjá àlà. Ó pinnu láti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

SÀFÚRÁTÙ: Dírẹ́bà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Òbúkọ ni.

ÀYÀNDÁ: Ó bú ọkọ?

SÀFÚRÁTÙ: Òbúkọ!

ÀYÀNDÁ: Mo gbọ́. Ó kú iṣẹ́ bó ṣe bú u! Èmi náà máa bú u bí mo bá débẹ̀. Ọmọ ọdún kan yìí ní làákàyè ju gbogbo yín lọ.

SÀFÚRÁTÙ: Ọlọ́run, o gbọ́ o. Mo ti sọ ọ́.

ÀYÀNDÁ: Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Bàbá rẹ̀ gbà sí i?

SÀFÚRÁTÙ: Bàbá rẹ̀ kò sí mọ́.

ÀYÀNDÁ: Ẹ pẹ̀lẹ́. Àìsàn ni?

SÀFÚRÁTÙ: Rárá o. Ara rẹ̀ le koko. Wọ́n pa á ni.

ÀYÀNDÁ: Háà! Àwọn ajínigbé?

SÀFÚRÁTÙ: Ààfáà àdúgbò wa ni.

ÀYÀNDÁ: Ààfáà?

SÀFÚRÁTÙ: Lọ́jọ́ Iléyá. Ó kọjú rẹ̀ sí gábàsì, ó ṣe bísímílà. Kò fìyà jẹ ẹ́ rárá.

Ohùn Àyàndá ti rọ̀, ó ti dà bíi ti ọmọdé.

ÀYÀNDÁ: Ibo... ibo lẹ sin ín sí?

SÀFÚRÁTÙ: Ta ló ń sin ín? Wọ́n pín in fún aládùúgbò. Èmi, itan kan ni wọ́n gbé wá fún mi.

Àyàndá ṣílẹ̀kùn, ó fi ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó sá bọ́ sínú koríko ẹ̀gbẹ́ títì. Sàfúrátù gbé Àwẹ̀ró, ó tẹ̀ lé e.

ÀYÀNDÁ: Ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ má sún mọ́ mi! Mo ní ọmọ mẹ́rin nílé! Itan mi kò lọ́ràá!

Àwẹ̀ró na ọrùn. Fìlà jábọ́, etí méjì yọ, ó sì ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" tí gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà gbọ́. Àyàndá dúró gbagidi.

ÀYÀNDÁ: Màmá. Etí ọmọ yín gùn.

SÀFÚRÁTÙ: Ó gùn díẹ̀.

ÀYÀNDÁ: Ewúrẹ́ nìyí!

SÀFÚRÁTÙ: Ewúrẹ́ aràrá ni.

ÀYÀNDÁ: Kì í ṣe ewúrẹ́ rárá? Èyí tí mo ń fojú mi wò yìí?

SÀFÚRÁTÙ: Aràrá! Kúkúrú! Irú tí kì í ga kọjá orúnkún!

Àyàndá jókòó sórí koríko. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún fẹ́ sunkún.

ÀYÀNDÁ: Gbogbo ìtàn tí ẹ wá ń sọ láti Bwari...

SÀFÚRÁTÙ: Itan kan ṣoṣo ni. Ti òbúkọ ni. Mo fi se ọbẹ̀.

ÀYÀNDÁ: Ẹ ò ṣe sọ fún mi?

SÀFÚRÁTÙ: Mo sọ. Ẹ ní ó bú ọkọ.

Ẹ̀rín kúrò lójú Àyàndá. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

ÀYÀNDÁ: Ó dáa náà. Ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Èmi kì í gbé ewúrẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àga mọ́tò yìí ni.

SÀFÚRÁTÙ: Mo fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní ó ń ta sánsán.

ÀYÀNDÁ: Ìgbà tó jẹ́ ọmọ nìyẹn! Àti pé òbúkọ kún Bwari débi pé wọ́n ń dí títì. Kí lẹ ń wá lọ sí Maitama?

Sàfúrátù tún Àwẹ̀ró gbé mọ́ àyà. Ó ń fi ọwọ́ nu ìdọ̀tí kúrò lára ìbọ̀sẹ̀ ewúrẹ́ náà.

SÀFÚRÁTÙ: Àwọn òbúkọ ńlá nìyẹn. Ìyá tó bí Àwẹ̀ró, ó kéré báyìí náà. Lẹ́yìn tó bí i, òbúkọ ńlá kan fo ọgbà mi wọlé bá a. Nígbà tí àsìkò tó, ọmọ inú rẹ̀ ti tóbi ju ọ̀nà lọ. Láti àárọ̀ ló ti ń rọbí. Dókítà ẹran dé, ó ti pẹ́ jù. Ọwọ́ mi ló gbé orí lé, ó ń wò mí, títí tó fi dákẹ́. Mo búra pé kò ní í ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ yìí.

Ọkọ̀ ń kọjá lọ, ọkọ̀ ń kọjá bọ̀. Àyàndá bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà náà nínú koríko.

ÀYÀNDÁ: Ìyàwó mi rọbí bẹ́ẹ̀, nígbà ọmọ wa kejì. Wọ́n ní kí n dúró síta. Èmi tí ẹ ń wò tí ẹnu mi kì í dákẹ́ yìí, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ lọ́jọ́ náà.

SÀFÚRÁTÙ: Wọ́n yè é?

ÀYÀNDÁ: Àwọn méjèèjì yè é. Òbúkọ tó kéré tó o, ti Maitama yìí nìkan ló wà?

SÀFÚRÁTÙ: Òun nìkan ni mo mọ̀. Ẹni tó ni ín sì ń kó lọ sí Jọ́ọ̀sì lọ́la. Láti àná ni Àwẹ̀ró ti ń wá akọ. Bó bá di ọ̀la, kò ní í gbà mọ́.

ÀYÀNDÁ: Ẹ wọ mọ́tò, Màmá. Ẹ dé e ní fìlà rẹ̀, kí òtútù má mú un.

Wọ́n tún gbéra. Báyìí, Àyàndá ló ń sáré. Sàfúrátù ló ń sọ pé kó rọra.

ÀYÀNDÁ: Kí ló tún wà nínú ọgbà yín?

SÀFÚRÁTÙ: Ehoro tí kò ju ìkúùkù lọ. Adìẹ òpìpì tí kò níyẹ̀ẹ́ lápá. Ẹyẹlé kan tún wà tí ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ délẹ̀, bí ẹni wọ ṣòkòtò.

ÀYÀNDÁ: Kí ló dé tí ohun gbogbo tí ẹ ní fi kéré?

SÀFÚRÁTÙ: Ilẹ̀ mi ló kéré.

ÀYÀNDÁ: Àwọn wo ló ń rà wọ́n?

SÀFÚRÁTÙ: Àwọn tí ọmọ wọn kò rí ewúrẹ́ rí àfi nínú abọ́ ọbẹ̀.

ÀYÀNDÁ: Èmi ò jẹ́ gbé ẹyẹlé oníṣòkòtò délé. Ìyàwó mi á ní tèmi ti ya lórúnkún.

Nígbà tí wọ́n dé Maitama, ọ̀pá ìdènà wà lẹ́nu àdúgbò náà. Mọ́gàdì kan na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró.

SÀFÚRÁTÙ: Ó tán. Wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọ ibí. Bó bá bi mí, òtítọ́ ni màá sọ.

ÀYÀNDÁ: Ẹ má sọ nǹkan kan. Èmi ò gbààwẹ̀. Sànnu, Baba! Ọmọ mi ló wà lẹ́yìn yẹn. Ara rẹ̀ ń gbóná gan-an!

Mọ́gàdì yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo Àyàndá, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Hausa, ó sì gbé ọ̀pá sókè.

SÀFÚRÁTÙ: Pé ara rẹ̀ ń gbóná, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Kí ni Baba wí?

ÀYÀNDÁ: Ẹ fi sílẹ̀.

SÀFÚRÁTÙ: Kí ló wí?

ÀYÀNDÁ: Ó ní ó jọ mí.

SÀFÚRÁTÙ: Irùngbọ̀n yín ló rí.

Ní ẹ̀yìnkùlé ẹni tó ni òbúkọ náà, Sàfúrátù bọ́ ìbọ̀sẹ̀ Àwẹ̀ró, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ohun dúdú kékeré kan yọ lábẹ́ táǹkì omi.

ÀYÀNDÁ: Ọkọ rẹ̀ dà?

SÀFÚRÁTÙ: Òun nìyẹn.

ÀYÀNDÁ: Èyí? Mo rò pé ológbò ni! Màmá, kò lè tó o!

SÀFÚRÁTÙ: Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọjú sí ògiri.

ÀYÀNDÁ: Kí ló dé tí èmi máa kọjú sí ògiri?

SÀFÚRÁTÙ: Ẹ̀yin kọ́ ni bàbá rẹ̀? Ẹ ti sọ fún mọ́gàdì.

Àyàndá kọjú sí ògiri, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

ÀYÀNDÁ: Ṣé wọ́n ti kíra?

SÀFÚRÁTÙ: Wọ́n ti kíra. Ó kan án lórí.

ÀYÀNDÁ: Ta ló kan ta?

SÀFÚRÁTÙ: Àwẹ̀ró ló kan ọkọ.

ÀYÀNDÁ: Ó dáa! Kó má tètè gbà fún un. Ọmọ gidi ni.

SÀFÚRÁTÙ: Ó ti tún padà sún mọ́ ọn. Ọkọ ti wá gun bíríkì kan...

ÀYÀNDÁ: Ẹ má sọ ìyókù! Ẹ má sọ ọ́!

Ó tẹ orí ba. Ó ń wo ògiri bí ẹni tí wọ́n ní kó kà á.

SÀFÚRÁTÙ: Ẹ lè yíjú padà. Ó ti parí.

ÀYÀNDÁ: Kí ló parí?

SÀFÚRÁTÙ: Gbogbo rẹ̀.

ÀYÀNDÁ: Mi ò tíì mí! Láti Bwari, Màmá! Gbogbo ẹ̀rù tó bà mí nínú koríko yẹn, ṣé nítorí èyí náà ni?

SÀFÚRÁTÙ: Ó yá, ṣùgbọ́n ó tó.

Ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Àyàndá rí i, ó sì wo ibòmíràn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

ÀYÀNDÁ: Ọmọ inú rẹ̀ kò ní í ju ọ̀nà lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wo bàbá rẹ̀!

SÀFÚRÁTÙ: Àmín o. Àmín.

Wọ́n padà sídìí ọkọ̀. Ó ti rẹ Sàfúrátù. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú láti jókòó níbẹ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ó bá Àwẹ̀ró lórí àga níbẹ̀, Àyàndá ti gbé e jókòó, ó ń fi ìgbànú mọ́tò dì í.

SÀFÚRÁTÙ: Dírẹ́bà, èmi ńkọ́?

ÀYÀNDÁ: Ẹ lọ sẹ́yìn, Màmá. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ló ń jókòó níwájú.