Ẹrẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà

Bí èèyàn mẹ́ta bá dúró láti ya fọ́tò ní àdúgbò kan báyìí, ẹ má wulẹ̀ wò yíká, ẹni kẹrin ti dé. Bàbá kan ni, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mo-Wà-Níbẹ̀. Iṣẹ́ kì í bá a nílé, fọ́tò kì í sì í yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "A-dé-nígbà-tíṣẹ́-tán, a-dúró-láàárín-bí-òpó!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kì í. Òun náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, nítorí ó rò pé oríkì gidi ni.

Lọ́dún kan, gọ́tà àdúgbò dí. Òjò rọ̀, omi wọ pálọ̀ àwọn èèyàn, bàtà ń léfòó lábẹ́ tábìlì. Obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà, tí ilé rẹ̀ wà ní igun, ló kó aládùúgbò márùn-ún jọ. Wọ́n bọ́ sínú gọ́tà, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde. Púlọ́ńbà ló wá ìdérí ihò tí omi ń gbà lọ kàn, tí iyanrìn ti bò mọ́lẹ̀.

Níbo ni Mo-Wà-Níbẹ̀ wà? Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀yìn ń dùn ún. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti ràn dé orúnkún. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbọ́ pé Onífọ́tò, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ládùúgbò, ń bọ̀ wá ya iṣẹ́ náà fún àjọ ìmọ́tótó ìlú. Ara rẹ̀ yá wẹ́rẹ́. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ Púlọ́ńbà bí ẹni gba ọ̀pá àṣẹ, ó dúró láàárín. Wọ́n yà á.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ pé àjọ náà fẹ́ fi fọ́tò yẹn yan ẹni tí yóò máa bójú tó gọ́tà gbogbo ìlú: ọ́fíìsì tútù, ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Onífọ́tò lọ láàárọ̀ kùtù. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni Onífọ́tò. Ó ṣí fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ wo ara yín, bàbá. Ẹ mọ́ tónítóní."

"Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn! Mo mọ́ jù. Ṣé lóòótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà yìí lè mú ibì kan dúdú, kó mú ibòmíì mọ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì méjì. Ibi tí mo bá fi èyí ra, á ṣú; ibi tí mo bá fi tọ̀hún ra, á mọ́lẹ̀. Bí òjìji bá bo ojú oníbàárà ni mo máa ń lò ó."

"Ó dáa. Fi èyí tó ń ṣú yẹn ra ọwọ́ mi méjèèjì dé ìgúnpá. Ra orúnkún náà. Kó dà bí ẹrẹ̀."

"Bàbá, ṣé ẹ fọwọ́ kan ẹrẹ̀ yẹn ni?"

"Ọkàn mi fọwọ́ kàn án. Wá tan ìmọ́lẹ̀ sójú mi, kó máa dán bí ojú ẹni tí áńgẹ́lì ń bá sọ̀rọ̀."

"Àwọn mẹ́fà tó yí yín ká ńkọ́?"

"Jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn."

"Púlọ́ńbà náà?"

"Òun gan-an! Sọ ọ́ di òjìji."

"Òjìji ta ni?"

"Tèmi ni! Àbí ẹni ńlá kì í ní òjìji?"

Onífọ́tò kọ̀. Mo-Wà-Níbẹ̀ bá jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí àwọn oníbàárà ń lò, ó sì ń ròyìn ara rẹ̀ títí oòrùn fi kanrí. Nígbà tí orí fọ́ Onífọ́tò, ó ṣe é kó lè ráyè mí. Ṣùgbọ́n ó tọ́jú ojúlówó rẹ̀. Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ayédèrú lọ fún àjọ.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ fi awò ojú wo ẹ̀dà kan tó mú bọ̀. "Ọwọ́ ta nìyí?"

"Tèmi ni."

"Ọwọ́ tí kò tíì fọ abọ́ láti ọgbọ̀n ọdún? Baba àwọn ọmọ, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá."

"Ogún ọdún ti pọ̀ jù," ni ọkọ wí. "Ọdún mẹ́rin péré ni mo máa lò nípò náà."

Ọjọ́ ayẹyẹ tí àjọ fẹ́ fi gbé e sípò pé. Wọ́n ta kánópì sójú títì, wọ́n gbé fọ́tò náà dúró, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ojú Mo-Wà-Níbẹ̀ ń tàn yòò láàárín òkùnkùn biribiri.

"Èmi dà?" ni káfíńtà tó wà lára àwọn mẹ́fà béèrè.

"Ìwọ nìyẹn, lẹ́yìn etí ọ̀tún bàbá," ni aládùúgbò kan dá a lóhùn.

"Mo rò pé igi ni!"

Akọ̀wé àjọ ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n ti kó jọ sẹ́bàá gọ́tà wọ́ padà sórí ìdérí, omi sì ń gun ẹsẹ̀ àga.

"Ẹ má fòyà!" ni akọ̀wé wí. "Ẹni tó ṣe é ló wà níbí. Bàbá, níbo ni ìdérí náà wà?"

Mo-Wà-Níbẹ̀ gba máìkì. "Ọ̀rọ̀ ìdérí yìí... ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni."

"Omi náà ti ń jinlẹ̀ o!" ni ẹnì kan kígbe.

Ó fà mọ́ Púlọ́ńbà. "Jọ̀ọ́, ìyá, níbo ni?"

Púlọ́ńbà nàka sí fọ́tò. "Òjìji kì í sọ̀rọ̀, bàbá."

Ó wá tajú kán rí ìdérí onírin kan lẹ́bàá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. "Òun rèé!" Ó fò mọ́ ọn.

"Ẹ má ṣí ìyẹn o!" Púlọ́ńbà pariwo.

Ìlara ni Bàbá pè é. Ó fi gbogbo ara fà á. Ṣalángá ni. Òórùn náà kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: àwọn tó wà lórí àga fọ́n ká, akọ̀wé gun orí tábìlì, Mo-Wà-Níbẹ̀ sì fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀.

Púlọ́ńbà ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ó bọ́ sínú omi, ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́rin láti ìdí òpó iná, ó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀, ó fi hú ìdérí náà jáde. Omi náà ṣe gbùù, ó wọlẹ̀ lọ. Onífọ́tò yọ fóònù, ó gbé ojúlówó fọ́tò han akọ̀wé: ojú èèyàn mẹ́fà nínú ẹrẹ̀, àti bàbá kan nínú funfun láàárín wọn.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Kọ̀ǹpútà ló parọ́!"

"Ta ló rán an níṣẹ́?"

Lójú ẹsẹ̀ ni akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, tó fi ipò náà fún Púlọ́ńbà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ kan, wọ́n fi ọwọ́ kejì dimú. Mo-Wà-Níbẹ̀ rí àyè, ó fẹ́ yọ́ lọ.

"Bàbá," ni ọ̀gá tuntun pè, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá dé ṣalángá yẹn."

Ó padà. Ìdérí náà wúwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo àdúgbò dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó wá dé e tán, ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé.

"Baba àwọn ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ gbà wọlé."